Omi Lórí Àtẹ̀gùn

Ariwo korobá ló máa ń jí mi ní gbogbo Sátidé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Màmá mi á ti kó ìgbálẹ̀ àti ọṣẹ, ó di ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń fọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá mú mi dání, ńṣe ni màá fajú ro. Lójú tèmi, iṣẹ́ ẹni tí kò já mọ́ nǹkan ni ilẹ̀ fífọ̀, ìbáà jẹ́ ilé Ọlọ́run. Salvador, ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, ni mo ti rí ẹni dá mi lóhùn.

Inú Ìjọ Àgùdà ni wọ́n bí mi sí. Orúkọ yẹn kò ṣàjèjì sí Yorùbá kankan, àmọ́ a kì í sábà bèèrè ibi tó ti wá. Àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà sí Èkó àti Àjàṣẹ́ là ń pè ní Àgùdà. Ọ̀pọ̀ wọn ṣí wá lẹ́yìn tí àwọn Ìmàle dìtẹ̀ ní Salvador lọ́dún 1835, tí ìjọba wá ń fínná mọ́ àwọn èèyàn dúdú. Kí àlùfáà tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó, ọkùnrin kan tó ti gba òmìnira kúrò lóko ẹrú, tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà. Torí náà, nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ òkè tí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim wà ní Salvador lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọkàn mi ń lù bíi tẹni tó fẹ́ lọ kí ìyá bàbá rẹ̀ tí kò rí rí.

Òkè náà kò ga. Ilé gogoro méjì ló dúró sí ọ̀tún àti òsì ṣọ́ọ̀ṣì náà, táìsì funfun ni wọ́n sì fi bo iwájú rẹ̀. Bí oòrùn bá ta sí i, á funfun báláú bí aṣọ àlà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, ọmọ Pọtogí, Teodósio Rodrigues de Faria, ló gbé ère Jésù lórí àgbélébùú wá láti Setúbal ní 1745. Ní 1754, wọ́n gbé e wọ ilé tí wọ́n kọ́ fún un lórí òkè yìí. Ìgbẹ̀yìn rere ni ìtumọ̀ Bonfim. Yorùbá wo ló máa gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tí kò ní ṣe àmín?

Nínú ilé, mo gbójú sókè wo àjà tí Antônio Joaquim Franco Velasco kùn ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, títí ọrùn fi ń ro mí. Lẹ́yìn náà ni mo yà sí yàrá iṣẹ́ ìyanu. Ọwọ́, ẹsẹ̀, orí àti ọmú tí wọ́n fi ìda ṣe ló so rọ̀ lókè bí èso. Ẹni tí ara rẹ̀ yá ló ń gbé àwòrán ibi tó ń dùn ún wá, kó fi san ẹ̀jẹ́. Ẹsẹ̀ kékeré kan wà láàárín wọn, kò ju ti ọmọ ọdún méjì lọ. Wọ́n ya èékánná sí ìka márààrún. Mo pẹ́ nídìí ẹsẹ̀ yẹn ju bí mo ṣe pẹ́ lábẹ́ àjà lọ.

Níta, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ aláràbarà ló bo gbogbo irin ọgbà. Gígùn ọ̀já kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 47, ìwọ̀n apá ère náà ni wọ́n sì ní ó jẹ́. Ìyá àgbà kan tó wọ funfun látòkè délẹ̀ so ọ̀kan mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́, ó ta kókó mẹ́ta sí i, ẹ̀bẹ̀ kan fún kókó kan. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò gbọ́ Pọtogí. Ó wo ojú mi, ó ní, “Éèpà Bàbá!” Omi lé sí mi lójú. Ọbàtálá ló ń kí, níwájú ilé Jésù, lọ́jọ́ Jímọ̀ tí í ṣe ọjọ́ Òṣàlá, bí wọ́n ṣe ń pe Ọbàtálá níbẹ̀.

Àwọn ẹrú ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi fọ ilé náà bí ọdún bá ń bọ̀. Lára wọn ni àwọn tó mọ ìtàn bí Ọbàtálá ṣe lọ kí Ṣàngó, tí wọ́n pè é lólè ẹṣin, tí wọ́n fi ọdún méje há a mọ́ ẹ̀wọ̀n, tí ilẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tí àṣírí tú, omi ni wọ́n pọn wá láti wẹ bàbá náà, kí wọ́n tó fi àlà wọ̀ ọ́. Ẹni tó mọ ìtàn yìí, tí wọ́n gbé korobá lé lọ́wọ́ pé kó fọ ilé funfun lórí òkè, ǹjẹ́ ilẹ̀ nìkan ló ń fọ̀?

Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, àwọn aláṣẹ ìjọ fòfin de fífọ inú ilé. Àwọn obìnrin tó ń fọ̀ ọ́ kò padà sílé. Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kìíní, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn láti ṣọ́ọ̀ṣì Conceição da Praia, nǹkan bíi kìlómítà 8, pẹ̀lú ìkòkò omi olóòórùn dídùn lórí. Bí wọ́n bá dé Bonfim tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, àtẹ̀gùn ni wọ́n ń fọ̀.

Nígbà tí mo padà délé, orúnkún kò jẹ́ kí màmá mi lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ní Sátidé, mo gbé korobá tẹ̀ lé e. Mo ti fẹ́ wọlé nígbà tó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sílẹ̀.

“Àtẹ̀gùn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń tẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Kí n tó fọ̀ ọ́ tán, ọ̀já ọwọ́ mi ti rin gbingbin.