Orúkọ Tí Crusoe Kò Béèrè

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ka ìtàn Robinson Crusoe rí. Bí kò tilẹ̀ jẹ́ òdidi ìwé náà, ó kéré tán a ka èyí tí wọ́n gé kúrú fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Daniel Defoe, ọmọ ìlú London, ni ó kọ ọ́, ọdún 1719 ni ó sì jáde. Láti ìgbà náà wá ni àwọn ọmọdé káàkiri àgbáyé ti ń bá ọkùnrin tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ yìí gbé ní erékùṣù. Wọ́n ń bá a kọ́lé, wọ́n ń bá a sin ewúrẹ́, àyà wọn sì ń bá tirẹ̀ já nígbà tí ó rí ipa ẹsẹ̀ ẹnìkan lórí iyanrìn.

Ohun tí ìwé kékeré tí wọ́n ń lò ní ilé-ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ni ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ kí ó tó fọ́. Etíkun ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ni ó ń bọ̀. Nínú ìwé Defoe gan-an, Crusoe ti di olóko ní ilẹ̀ Brazil. Òun àti àwọn olóko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa ṣiṣẹ́ oko fún wọn, wọ́n sì ní kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí etíkun Guinea, ìyẹn etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí ó lọ kó ẹrú wá. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1659 ni ó gbéra nínú ìtàn náà. Ọgbọ̀njọ́ oṣù náà ni ìjì gbé e sọ sí erékùṣù. Àwọn tí ìbá rà ń bẹ lẹ́bàá òkun tiwa, wọn kò sì mọ̀ pé ìjì kan ti dá oníbàárà kan dúró lọ́nà.

Sango-Ọ̀tà ni mo ń gbé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé àárín ilé-iṣẹ́ ni a wà. Tírélà ni a ń gbọ́ sùn, tírélà náà ni ó sì ń jí wa. Ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń jáde lọ sí ilé-ìwé ni àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ yìí, nítorí náà èmi ni mo máa ń jókòó ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 11, bí ó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ka ìwé náà dé ibi tí Crusoe ti gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ pa á. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ náà bọ́ sí, Crusoe sì sọ ọ́ ní Friday. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ́ ọ pé kí ó máa pe òun ní Ọ̀gá.

Ọmọ náà gbé ojú sókè. “Àǹtí, ṣé ọkùnrin yẹn kò lórúkọ tẹ́lẹ̀ ni?”

Mo ní, “Ó lórúkọ. Ẹni tí ó ní bàbá àti ìyá kò lè ṣàìlórúkọ.”

“Kí ni orúkọ náà?”

“Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé.”

“Kí ló dé tí Crusoe kò bi í léèrè?”

Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ìran tí ó ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ ni wá. Àwa náà ń fi ọjọ́ sọ ọmọ: Jímọ̀ pọ̀ ní Ọ̀tà, Abọ́sẹ̀dé náà kò ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ tiwa ní oríkì, ó ní ìdílé, ó sì ní ìyá àgbà tí ó tún ń fi orúkọ mìíràn pè é. Friday kò ní ju ọjọ́ tí Crusoe rí i lọ. Èyí tí ó tilẹ̀ ká mi lára jù ni pé, bí ènìyàn bá ka òdidi ìwé náà, yóò rí ibi tí Friday ti pàdé bàbá rẹ̀, tí inú rẹ̀ dùn tí ó ń fò sókè, tí ó ń sunkún, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ní ọjọ́ náà gan-an, a kò gbọ́ orúkọ tí bàbá náà fi pe ọmọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó ń bi mí ní ìbéèrè yìí náà kì í jẹ́ orúkọ tirẹ̀ níta. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè ní ilé-ìwé. Èyí tí bàbá àgbà rẹ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí, kò sì fẹ́ kí a pè é bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju iṣẹ́ àṣetiléwá lọ. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ní ọjọ́ Sátidé, mo fẹ́ mú ọmọ náà lọ sí Àgbádárìgì.

Defoe kò dárúkọ Àgbádárìgì nínú ìwé rẹ̀. Ìlú náà kò tíì di èbúté ẹrú ńlá nígbà tí ó ń kọ ọ́; ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó di bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà ní etíkun tí ọkọ̀ Crusoe kọjú sí, òun sì ni ó rọrùn jù fún wa láti dé. Láti Sango, a gba Ọ̀tà, Ìyànà Ìyẹsí àti Àtan. A yà sí Lusada, a já sí Agbárá, a sì bọ́ sí ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ èrò ni a wọ̀, a sì sọ̀, a tún wọ̀ mìíràn, títí a fi dé.

Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé òkun ni òun ń wò, àmọ́ ọ̀sà ni. Ọ̀sà ni ìlú kọjú sí. Erékùṣù Gbẹ̀rẹ́fù wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Etí ọ̀sà yìí ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ wà, èyí tí a mọ̀ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1842, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1845. Ìlú yìí kan náà ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọdún 1843. Nítorí náà, bí ọmọ Yorùbá bá ń wá ibi tí ìwé kíkà ti gba wọ ilẹ̀ wa, Àgbádárìgì wà lára ibi tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé.

Nínú ilé náà ni mo ti sọ ìtàn ọmọ mìíràn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àjàyí ni orúkọ ọmọ náà, orúkọ àmútọ̀runwá ni, èyí tí a ń sọ ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i. Ọdún 1821 ni ogun kó ìlú rẹ̀, Òṣoògùn. Kò tíì ju ọmọdékùnrin kan lọ. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó, níbi tí wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní ọdún 1822. Àwọn ẹrú 187 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Kò tíì jìnnà tí ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi mú un, wọ́n sì kó àwọn tí wọ́n dá nídè lọ sí Sierra Leone. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé kò ju nǹkan bí oṣù 6 lọ tí òun fi ń ka Májẹ̀mú Titun. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, ó di Samuel Crowther.

“Wọ́n yí orúkọ tirẹ̀ náà padà nìyẹn,” ni ọmọ náà wí.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Àjàyí kò sọnù nínú Crowther. Ní ọdún 1837, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn bí wọ́n ṣe mú un àti bí wọ́n ṣe tà á. Ní ọdún 1843, ó tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1845, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó ti di àlùfáà nígbà náà. Abẹ́òkúta ni ó ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ olórí Ẹ̀gbá ti kú, ogun sì wà lọ́nà Adó, Adó kan náà tí a pa pọ̀ mọ́ Ọ̀tà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa lónìí. Ó lé ní ọdún kan tí ó fi dúró ní Àgbádárìgì tí ó ń wàásù, tí ó sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí ọ̀nà là ní ọdún 1846 ni ó dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni ó sì ti rí Àfàlá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà. Friday rí bàbá rẹ̀, Àjàyí rí ìyá rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ni pé Àjàyí fúnra rẹ̀ ni ó sọ tirẹ̀ fún wa.

N kò fẹ́ kí ọmọ náà rò pé ìwé kíkà nìkan ti tó. Ìdí nìyí tí mo fi mú un dé ilé Séríkì Abass, níbi tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí kí ọkọ̀ tó dé. Yàrá 40 ni wọ́n sọ pé ó wà níbẹ̀ nígbà náà. Àwọn yàrá náà há, fèrèsé wọn kò sì ju ihò lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí wọ́n ń sọ nínú ilé náà, Fárèmí ni orúkọ tí wọ́n sọ onílé náà nígbà tí wọ́n bí i ní Jọ́gà-Orílé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Wọ́n mú òun náà lẹ́rú ní kékeré, ó gba orúkọ Abass lára ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á, ó gba Williams lára ẹni tí ó mú un dé Brazil. Ó kọ́ ìwé, ó kọ́ èdè òyìnbó oríṣiríṣi. Ó padà wálé, ó sì di oníṣòwò ẹrú. Ọdún 1919 ni ó kú, ibojì rẹ̀ sì wà nínú ọgbà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo ihò fèrèsé náà títí. Ó ní, “Òun náà ti wọ inú irú yàrá yìí rí, Àǹtí. Báwo ló ṣe wá kọ́ ọ?” N kò ní ìdáhùn kan tí ó kún ojú òṣùwọ̀n. Mo sọ fún un pé àwọn àgbà máa ń bi ara wọn ní ìbéèrè náà.

Lẹ́yìn náà ni a wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí Gbẹ̀rẹ́fù. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn nínú iyanrìn dé òkun, ní ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà tí wọ́n ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu. Wọ́n ní ẹni tí ó bá mu ún yóò gbàgbé ilé. Ọmọ náà bi mí bóyá omi lè mú ènìyàn gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Mo ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, wọn kì bá máa fún àwọn ọmọ lórúkọ Yorùbá ní Brazil àti Cuba títí di òní. Nígbà tí a dé etí òkun, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbì ń bọ̀, ó ń padà. Ẹsẹ̀ wa wà lórí iyanrìn, ti àwọn mìíràn tí ó ti ṣáájú wa náà wà níbẹ̀.

Àwọn kan nínú àwọn tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì gbà pé kí a mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọdé pátápátá. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ìtàn Crusoe dùn, ọmọ yóò sì rí i kà lọ́jọ́ kan, bí a fẹ́ bí a kọ̀. Ohun tí ó tọ́ lójú tèmi ni kí ó má ṣe dá a kà. Kí a gbé ìtàn Àjàyí tì í, kí a gbé Aláwíyé tí Odúnjọ kọ tì í, kí ọmọ mọ̀ pé etíkun tí Crusoe ń bọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Àwọn tí wọ́n sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ ni ó ń gbé ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ lọ, ẹ tètè kúrò nílé kí oòrùn tó mú, nítorí iyanrìn Gbẹ̀rẹ́fù a máa gbóná. Ẹ mú omi dání. Ẹ gba amọ̀nà ní ìlú, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí àyè bá wà, ẹ jẹ́ kí ó ti ka ìwé náà kí ẹ tó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ tuntun wá. Ó ní kí n fi hàn òun ibi tí àmì ìsàlẹ̀ wà nínú orúkọ tí bàbá àgbà sọ òun. Mo sọ fún un pé ìran Crowther wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí àwọn àmì náà. Ó kọ orúkọ náà sí ẹ̀yìn ìwé, ó sì tẹ àmì rẹ̀ dúdú kí ó lè hàn dáadáa.