Ta Ni "Wọ́n" Tó Ń Mú Iná Wá?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti Ìgbàrà-Odò Èkìtì dé, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé nílé ìyá ìyá mi, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni iná. Uná ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀ka-èdè Èkìtì gba fáwẹ̀lì "u" níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà. A ń dáná, a ń fẹ́ná, a ń yáná, a sì ń paná. Bí ti inú ààrò wa bá kú, a ó mú àpáàdì lọ fọnná lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ẹyín iná méjì ti tó. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí dáadáa: àwa gan-an ni olùwà gbogbo wọn. Èéfín ń ta wá lójú, ó sì ń mú àgbà húkọ́. N kò ní kí a padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi igi ṣòfò, nítorí pé orí ara rẹ̀ ló fi rù ú wálé.

Iná mọ̀nàmọ́ná dé, gbólóhùn wa sì yí padà. "Wọ́n ti mú iná wá." "Wọ́n ti mú un lọ." Ta ni "wọ́n"? A máa ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí a kò mọ̀ tàbí tí a kò fẹ́ dárúkọ. Ní ọdún 1972 ni ìjọba dá NEPA sílẹ̀; ní 2005 ó di PHCN; ní 2013 pípín iná bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni. Orúkọ ń pààrọ̀, "wọ́n" kò kúrò lẹ́nu wa. Ohun tí "wọ́n" bá sì mú wá, a kì í ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í pa gílóòbù kí a tó sùn, kí a baà lè mọ ìgbà tí "wọ́n" bá mú un dé.

Èmi náà jẹ̀bi. Mo ra jẹnẹrétọ̀ kékeré fún ìyá mi, mo sì ń fi owó epo ránṣẹ́ lóṣooṣù. Nígbà tí ìkéde yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo wáyé ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo fi kún owó náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo yọ sí wọn láìròtẹ́lẹ̀. Inú òkùnkùn ni mo bá wọn, tọ́ọ̀ṣì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Jẹnẹrétọ̀ ti bo fún eruku.

"Màmá, owó epo tí mò ń fi ránṣẹ́ sí yín ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpótí. Ṣé kí n máa sun owó ọmọ mi di èéfín ni? Ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí n gbọ́ bí ẹnìkan bá ń kágò."

Ojú tì mí. N kò bi wọ́n léèrè rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi iná ṣe. Mo kàn ń mú un wá ni. Èmi náà ti di "wọ́n".

Oníṣẹ́ tó wá gbé pánẹ́ẹ̀lì olóòrùn sórí òrùlé ló bi ìyá mi ní ìbéèrè náà. Ìdáhùn wọn kò gùn: gílóòbù mẹ́rin, rédíò, fóònù, àti fáànù kan fún àkókò ooru. Oníṣẹ́ ṣírò rẹ̀ lójú wa. Gílóòbù àtijọ́ mẹ́rin, oníwọ́ọ̀tì 60, ń jẹ wọ́ọ̀tì 240. LED mẹ́rin oníwọ́ọ̀tì 9, tí ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àtijọ́ dọ́gba, ń jẹ 36 péré, nítorí pé ooru ni gílóòbù àtijọ́ ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú iná dà. Nígbà tí mo ṣe irú ìṣirò yìí nílé tèmi, mo rí i pé iná ìta mi ń tàn di ọ̀sán gangan.

Oòrùn náà ní ìnira tirẹ̀. Owó gọbọi ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì ń gbó, májèlé sì ni òjé inú bátìrì àtijọ́ bí a bá dà á sóko. Òfin Iná Mọ̀nàmọ́ná ti ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tiwọn, Èkìtì sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí "wọ́n" ti Àbújá bá kàn di "wọ́n" ti Adó-Èkìtì, tí a kò sì bi ara wa ní ìbéèrè oníṣẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ kan náà la ṣì wà.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, ìyá mi ké sí mi láti inú yàrá: "Paná ìta yẹn, a ó lò ó lóru."

"A ó lò ó." Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú olùwà bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ iná. Mo dìde, mo pa á.

Ire o.