Ọwọ́ Ta Ni Fáìlì Wà?

Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ gírááfíìkì ní Ṣómólú, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé èwo ni ẹ̀dà tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ oníbàárà. Inú dísìkì Zip ni iṣẹ́ ń gbé. Mẹ́gábáìtì 100 ni Zip yẹn ń gbà, ó sì wọ́n débi pé kò sí ọ̀gá tó máa ra méjì fún iṣẹ́ kan. Flọ́pì tó wà ṣáájú rẹ̀ kò gbà ju 1.44 lọ, fọ́tò gidi kan kì í wọ̀ ọ́. Bí ẹ̀gbọ́n tó ń bá wa tún àwọ̀ ṣe bá ti mú Zip dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ fíìmù, àwa yòókù á jókòó máa jẹ ẹ̀pà títí yóò fi dé. Inú ń bí wa nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ìjókòó yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ pín sí méjì.

Fíìmù pàápàá ní agbára tirẹ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti jáde, ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí pílétì sì ti gun ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord, kí oníbàárà tó ní òun fẹ́ kí pupa ibẹ̀ ràn díẹ̀ sí i, á ti rántí pé òun ni yóò san owó fíìmù mìíràn. Ọ̀pọ̀ wọn a dákẹ́.

Sídì dé, ó gba 700. Fláàṣì wá dé, ó da gbogbo ètò náà rú. Mi ò bú fláàṣì o, owó tó bá wa fi pamọ́ kò kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí àdàkọ di ọ̀fẹ́, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tirẹ̀ kiri. Ẹnìkan ń tún ojú omidan inú ìpolówó ṣe lórí láptọ́ọ̀pù nílé, ẹlòmíì ń pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Iṣẹ́ méjèèjì dáa, ọ̀kan kò sì sí nínú èkejì. Ìgbà náà ni orúkọ fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn: banner_final, banner_final2, banner_final_LAST, banner_final_LAST_oga_ti_ri. Èyí tí wọ́n máa tẹ̀ nínú wọn, ẹni tó bá wà nítòsí ẹ̀rọ ló ń mú un.

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń fi wá rẹ́rìn-ín. Ìlà ọ̀rọ̀ ni tiwọn: bí ìwọ bá tún ìlà 10 ṣe, tí èmi tún ìlà 100 ṣe, kọ̀ǹpútà á so méjèèjì pọ̀. Àwòrán kò ní ìlà tí kọ̀ǹpútà lè so bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì tó bá fọwọ́ kan fáìlì Photoshop kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnìkan nínú wọn ń fiṣẹ́ ṣòfò ni.

Títóbi rẹ̀ tún ńkọ́? Ẹ wo pátákó ìpolówó ojú títì tí wọ́n ń pè ní 48-sheet: ẹsẹ̀ bàtà 20 ní ìbú, 10 ní ìnàró. Bí a bá ṣe é ní píksẹ́lì 100 sí ínṣì kan, yóò jẹ́ 24,000 ní ìbú, 12,000 ní ìnàró, mílíọ̀nù 288 lápapọ̀. Àwọ̀ mẹ́rin, báìtì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó ti lé ní gígábáìtì 1 kí a tó fi léyà kejì lé e. Ẹni tó bá ní 100 ti pọ̀ jù fún pátákó, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kó lọ sọ ọ́ fún oníbàárà tó ń fi sún wo ojú ara rẹ̀. Fáìlì PSD tí Photoshop ń lò kì í kọjá gígábáìtì 2; ìdí nìyẹn tí Adobe fi gbé PSB jáde pẹ̀lú Photoshop CS ní 2003. Fláàṣì tí wọ́n ṣètò sí FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan tó bá ti tó gígábáìtì 4, bó ti wù kó ṣófo tó. Fláàṣì tí wọ́n ti sọ nù ní Ṣómólú nítorí èyí, tí nǹkan kan ò ṣe é, Ọlọ́run ló mọye wọn.

Àdàkọ kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan o, ó ti gba ẹlòmíì là rí. Ní 1998, ní Pixar ní Kalifọ́níà, ẹnìkan tẹ àṣẹ kan, fáìlì sinimá Toy Story 2 bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Ìpamọ́ tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò ṣiṣẹ́. Galyn Susman, tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé lẹ́yìn tó bímọ, ló ní àdàkọ lórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń parí ìtàn náà sí. Èmi, ohun tó tẹ̀ lé e ni mo máa ń rò: wọ́n jókòó ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì, wọ́n ń fojú yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó mọ èyí tó yẹ ní lílò.

Ohun tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ẹ̀dà tiwọn ni Git, tí Linus Torvalds kọ ní 2005 nítorí Linux; ìlà ọ̀rọ̀ ló dá a fún. Bí o bá kó PSB gígábáìtì kan sí i, tí o tún un ṣe nígbà ogún, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yóò fa ogún wálẹ̀ kó tó rí ẹyọ kan ṣí. Pẹ̀lú owó dátà ìlú wa yìí! Git LFS, àfikún Git fún fáìlì ńlá, dé ní 2015. Mo ṣí ohun tó fi rọ́pò àwòrán wa nínú Git wò: ìlà mẹ́ta péré. Ọ̀kan sọ irú ẹ̀dà LFS tó jẹ́, ọ̀kan jẹ́ àmì sha256 gbọọrọ, ìkẹta sọ iye báìtì. Àwòrán fúnra rẹ̀ wà lórí sáfà, ẹ̀dà tí o fẹ́ lò nìkan ni yóò wá bá ọ.

Èyí tó wúlò jù fún àwa ni títì tí wọ́n fi kún un ní 2017. Perforce, ètò mìíràn fún títọ́jú ẹ̀dà, tó ti wà láti 1995, tí àwọn tó ń ṣe géèmù fẹ́ràn, ti ní tirẹ̀ tipẹ́. Bí mo bá ti fáìlì pa, orúkọ mi ni ẹ máa rí níbẹ̀, ẹlòmíì kò sì lè gbé tirẹ̀ sórí sáfà títí n ó fi ṣí i. Láti 2014 sì ni Photoshop ti gbà kí a so fáìlì òde mọ́ iṣẹ́, nítorí náà fọ́tò wà lọ́tọ̀, lógò wà lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀. Pátákó kàn ń pè wọ́n wọlé ni. Ẹni mẹ́ta lè di nǹkan mẹ́ta mú, kí ẹnikẹ́ni má sì dá ẹnìkejì dúró.

Wàhálà tó kù ni ti ẹni tó ti fáìlì pa lọ́jọ́ Jímọ̀, tó wá gba òde ìgbéyàwó lọ. Àṣẹ wà tí a lè fi já a ṣí, --force ni wọ́n ń fi kún un. A kì í lò ó kí a tó pe onítọ̀hún lórí fóònù, bí orin òde ibẹ̀ ti wù kó pariwo tó, torí bí iṣẹ́ kan bá ṣì wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tí kò tíì fi ránṣẹ́, fáìlì méjì la ó tún bá lọ́jọ́ Ajé.