Akẹ́kọ̀ọ́ Mi Ni Ó Kọ́ Mi Ní Alùpùpù Gígùn

Ohun ìtìjú ni fún àgbàlagbà láti ṣubú níwájú ọmọ tí ó ti bú rí. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí pápá ìṣeré kan ní Ìlárá-Mọ̀kín, ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ má baà rò pé fàájì ni mo ń ṣe, Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, Ìlárá ni mo sì ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún náà, lítà kan tí kò tó N200 tẹ́lẹ̀ di ohun tí ó lé ní N500 kí oṣù keje tó parí. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó oṣù mi bí ikán ti ń jẹ òrùlé. Ọkọ mi ra alùpùpù àlòkù kan, ó ní kí n máa gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́. Mo ní n kò gùn. (Ìlárá yìí kan náà ni ìlú Olóyè Michael Adé Òjó tí ó fi òwò ọkọ̀ Toyota lókìkí, ṣùgbọ́n owó olùkọ́ kò mọ ojú ọ̀nà ibẹ̀.)

Ìdí tí mo fi kọ̀ kò jìnnà. Ní ọdún 2001, ní ìlú Oǹdó, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣubú lórí ọ̀kadà, eegun itan rẹ̀ sì kán. Ojú mi ni wọ́n ṣe to eegun náà. Mo ṣì ń gbọ́ igbe rẹ̀ títí di òní. Ìyá wa mú kí n ṣèlérí pé n kò ní gun alùpùpù láéláé.

Nígbà tí owó tán pátápátá, mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń fi ọ̀kadà jẹun. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni rí. Òun ni ọmọ tí àmì ohùn kò yé, tí mo máa ń pariwo mọ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, ‘Ṣé etí rẹ di ni? O kò gbọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀?’ Kò parí SS 2. Èmi máa ń sọ fún ara mi pé àìrówó ni ó lé e kúrò.

Akoto ni ó kọ́kọ́ dé mi lórí. (Ẹ ó rántí pé nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi dandan lé akoto ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, igbá gbígbẹ ni àwọn ọlọ́kadà mìíràn dé sórí!) Lẹ́yìn náà ni ó pín iṣẹ́ fún mi: ọwọ́ òsì fún kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ òsì fún jíà, ẹsẹ̀ ọ̀tún fún bíréèkì ẹ̀yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń fún un ní iná, òun náà ni ó sì ń fa bíréèkì iwájú. Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, yóò di ọwọ́ mú gírígírí, yóò yí i láìmọ̀, alùpùpù yóò sì máa sáré sí i.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe. Mo yọ̀ǹda kílọ́ọ̀ṣì lójijì, ó fò bí òbúkọ, mo di ọwọ́ mú, mo sì ba ara mi nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó bọ́ọ̀lù. Orúnkún mi bó. Mo ń retí kí ó pariwo, nítorí pé èmi ìbá pariwo.

Kò pariwo. Ó gbé e dìde, ó ní, ‘Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má wo ilẹ̀, iwájú ni kí ẹ máa wò. Etí ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá ti wálẹ̀, ó fẹ́ gbéra nìyẹn. Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ tó fún un ní iná.’

Mo tẹ́tí. Lóòótọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń bọ́ láti ohùn àárín sí ohùn ìsàlẹ̀, bí èmi fúnra mi ti máa ń kọ ọ́ sára pátákó. Àwọn tí ó sọ ọ́ ní alùpùpù ti gbọ́ ìró rẹ̀ dáadáa. Èmi tí ó ń kọ́ni ní ohùn kò gbọ́ ọ títí ọmọ yìí fi là mí létí. Alùpùpù gbéra jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo bi í bóyá ó rántí kíláàsì mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń nu dígí alùpùpù náà. ‘Mo rántí mà. Ọjọ́ tí Yorùbá bá wà ni n kì í wá. Nígbà tí ó yá, mo kúkú jókòó sílé.’

Mo wá ọ̀rọ̀ tì. Níkẹyìn mo ní, ‘Má bínú.’ Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, ó ní, ‘Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mà.’

Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ohun tí ó béèrè ni pé kí n kọ́ òun fún ìdánwò NECO tí àwọn tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe. Láti ìgbà náà, ní ọ̀sán Sátidé, ó máa ń gbé ìwé rẹ̀ wá, yóò sì gbé e lé orí àga alùpùpù mi. Ó ṣì máa ń ṣi àmì fi sórí ọ̀rọ̀. Èmi náà ṣì máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ mi lábẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Ìyá mi ní Oǹdó kò tíì mọ̀.