Ínṣì Kan Péré

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, gbogbo wa la mọ irú ọkọ̀ yẹn. Ẹ ó ti gbọ́ ariwo sàlẹ́ńsà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i. Tó bá wá yọ ní géètì báyìí, ṣe ló máa dà bíi pé ó ń wọ́ ikùn nílẹ̀. Àwọn kan á dúró wò ó, àwọn kan á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ kí tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀.

Honda Prelude ló ní, tòkunbọ̀, ìran karùn-ún, èyí tí wọ́n ṣe dé ọdún 2001. Ọdún mẹ́rin ló fi ń tún fóònù ṣe n'Íbàdàn kó tó rí i rà, nítorí náà ẹ má bú u. Ẹni tó jìyà kó tó rí nǹkan, ó yẹ kó fi ṣe fáàrí díẹ̀. Ibi tó ti kàn mí ni pé iṣẹ́ ẹnjiníà ni mò ń kọ́. Ó kó owó lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìwọ lo kàwé ẹ̀. Yan èyí tó dáa, àmọ́ kó wálẹ̀ o!" Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ yẹn náà ló sì ń gbé Màámi lọ sọ́jà Bódìjà ní gbogbo Sátidé, ẹ̀yìn sì máa ń dùn wọ́n.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Àkọ́kọ́ ni ká gé sípíríǹgì. Wẹ́dà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹkáníìkì wa ní kò ní ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Mo mú bírò. Sípíríǹgì tó ní ìká 8 tó ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá gé 2 kúrò, ó ku 6. Ṣé ẹ rò pé ó máa rọ̀ ni? Rárá o! Ṣe ló máa le sí i ní ìdá kan nínú mẹ́ta, torí bí ìká bá ṣe ń dín ni sípíríǹgì ń le. Iná tí wọ́n fi gé e náà ń ba agbára irin jẹ́ níbi tó bá dé. Ojú ibi tí wọ́n gé sì lè má jókòó dáadáa sí àyè rẹ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wẹ́dà, mo bá tèmi lọ.

Ìkejì ni coilover. Èyí gan-an lọmọ ọba! Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì wà pa pọ̀, ẹ lè yí i kó ga, ẹ lè yí i kó relẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó parí ọ̀rọ̀. A lọ sí Ararọ̀mí ní Gate. Èyí tí owó wa ká, tòkunbọ̀ ni. Ìpata ti jẹ ibi tí wọ́n ti ń yí i, òróró sì ti ń yọ lára méjì nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí òróró ti ń yọ, ó ti ń kú lọ nìyẹn. Ti tuntun ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́.

Ìkẹta ni sípíríǹgì kúkúrú tí wọ́n dìídì ṣe bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tuntun tó bá a mu. Mo yan èyí tó máa sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ ní ínṣì kan.

"Ínṣì kan péré? Ṣé o fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Nínú Prelude yìí, apá méjì ló di táyà kọ̀ọ̀kan mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń relẹ̀ ni orí táyà ń tẹ̀ sínú, ẹ̀gbẹ́ inú á wá máa jẹ. Àyè tí ṣọ́ọ̀kì ní láti lọ sókè sódò náà ń kéré sí i. Tí àyè yẹn bá tán nínú kòtò, ẹ̀yìn Màámi ló máa gba ìyókù.

Kò dáhùn. Àlàájì mẹkáníìkì ló bá wa dá sí i: "Àbúrò ẹ ò purọ́. Táyà mélòó lo fẹ́ máa rà lọ́dún?"

Mo ti fi owó aláìmẹ́ǹtì pa mọ́ látìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá sọ ọkọ̀ kalẹ̀ tí kò ṣe é, táyà ló máa fi jìyà. Nígbà tí iṣẹ́ parí, Bọ̀ọ̀dá yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mẹta. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ Sátidé, a gbé Màámi lọ sọ́jà. A já kòtò kan, a já èkejì. Wọ́n yíjú sí Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní, "Ọkọ̀ yìí ti dúró ire o. Ṣé o tún un ṣe ni?"

Bọ̀ọ̀dá wò mí nínú díńgí. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Èmi àti ẹnjiníà mi ni."

Àmọ́ títí dòní, tí inú bá ń bí i, ohun tó máa ń pè mí ni "Ínṣì Kan". Mo gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń wá owó coilover, kẹ́ ẹ tó ná an, ẹ kọ́kọ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé yín, kẹ́ ẹ ka kòtò tó wà níbẹ̀.