IṢẸ́ ỌWỌ́ KAN TÍ MO MỌ̀ DUNJÚ

Iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan ń rán aṣọ, àwọn kan ń kan ilẹ̀kùn, àwọn mìíràn sì ń di irun. Ní tèmi, iṣẹ́ títẹ orúkọ àti àwòrán sí ara aṣọ ni mo mọ̀ dunjú. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Ṣómólú, ní ìlú Èkó, níbi tí àwọn òǹtẹ̀wé pọ̀ sí bí eṣú, ni mo ti kọ́ ọ nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi ní ọdún 2021.

Férémù ni olórí ohun èlò iṣẹ́ yìí. Igi onígun mẹ́rin ni, a sì na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ní ojú wínníwínní bí asẹ́ mọ́ ọn. N ó máa pe aṣọ yìí ní asẹ́. Nínú òkùnkùn ni a ti ń fi kẹ́míkà tí ń jẹ́ emulsion kun asẹ́ náà. Bí ó bá gbẹ, a ó gbé àwòrán tí a fi dúdú yà lé e, a ó sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn yóò le. Ibi tí dúdú bò kò ní le, omi yóò sì ṣàn án kúrò. Ojú ibẹ̀ ni ìńkì ń gbà kọjá sí ara aṣọ oníbàárà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti tẹ aṣọ tán, iṣẹ́ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Férémù wọ́n, a kò sì lè máa ra tuntun fún gbogbo ìnáwó. Férémù tí a fi tẹ orúkọ ìyàwó lónìí ni a ó fi tẹ orúkọ olóògbé lọ́la. Nítorí náà, fífọ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì bí títẹ̀ rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, a ó kó ìńkì tí ó ṣẹ́kù padà sínú agolo. Bí ó bá jẹ́ ìńkì olómi, omi àti ọṣẹ ti tó, kí ó má tíì gbẹ. Bí ó bá jẹ́ olóròóró, kẹrosíìnì àti àkísà ni a ó fi nù ún, jìnnà sí iná. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ọṣẹ fọ òróró náà kúrò, a ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì ra bílíìsì tí a pò mọ́ omi sí ojú méjèèjì. Emulsion yóò rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí bílíìsì gbẹ mọ́ ọn, a kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ ha á, a kò sì gbọ́dọ̀ da bílíìsì pọ̀ mọ́ ásíìdì, nítorí pé èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn. Asẹ́ pọliẹ́sítà ni èyí wà fún. Bílíìsì a máa jẹ asẹ́ sílíìkì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ìdílé kan gbé ọgọ́ta ṣẹ́ẹ̀tì wá fún ìsìnkú ìyá wọn tí yóò wáyé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti kọ́kọ́ dé ìsọ̀ kan, ṣùgbọ́n ìńkì ti gan mọ́ gbogbo férémù ibẹ̀. Tiwa ti mọ́ láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan síwájú iná, mo rí òjìji orúkọ ìyàwó kan níbẹ̀, àyà mi sì já. Ta ni yóò tẹ orúkọ ìyàwó sí aṣọ òkú? Àbúrò bàbá mi wò ó, wọ́n ní, "Ojú rẹ̀ ni kí o wò, má wo àwọ̀ rẹ̀." Lóòótọ́, gbogbo ojú asẹ́ náà ló là, àbàwọ́n lásán ni òjìji náà. A tẹ ọgọ́ta ṣẹ́ẹ̀tì náà kí ó tó di ọ̀gànjọ́, orúkọ màmá náà sì hàn ketekete. Nínú owó alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti san owó ìdánwò oníwèé mẹ́wàá mi.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Ní ìdí iṣẹ́ tiwa, ẹni tí ó bá mọ férémù fọ̀ ni oúnjẹ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.