Ohun Tí A Ń Fi Pamọ́ Sára Ní Alímọ̀ṣọ́

Kò sí ẹni tó ń jáde nílé ní Alímọ̀ṣọ́ tí kì í fi nǹkan kan pamọ́ sára. Obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ìkòtún á so owó mọ́ etí ìró, tàbí kó kó o sínú àpò tó rán mọ́ abẹ́ yẹrì. Ọlọ́kadà á ki owó ńlá bọ inú ìbọ̀sẹ̀, á sì fi ṣéńjì sílẹ̀ lápò òkè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba Ìgándò lọ sí LASU á gbé àpò rẹ̀ kọ́ àyà dípò ẹ̀yìn. Gbogbo wọn ló mọ òwe àgbà tó ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 1,200,000. Ìjọba Èkó kò gba iye yẹn. Ìkànìyàn tiwọn ní ọdún kan náà sọ pé wọ́n lé ní 2,000,000. Ibi tí èèyàn bá pọ̀ tó báyìí, olóòótọ́ àti olè ni yóò jọ máa fara kan ara wọn.

Ní oṣù Kejìlá, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Houston wá wo ilé tó ń kọ́ sí Ìgándò. Ó fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ méjì padà wálé pátápátá. Ìpínlẹ̀ Texas ló ti wá, níbi tí òfin ti fàyè gbà á láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 pé kí ẹni tó ti pé ọdún 21, tí òfin kò sì kà á léèwọ̀ fún láti ní ìbọn, máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ. Ó bi mí pé, “Àbúrò, níbo lẹ̀yin ń fi tiyín sí?”

Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan ibi tí ìbọn yóò wà. Àwọn kan ń fi í sínú ṣòkòtò ní ìbàdí, kí ẹ̀wù lè bò ó. Àwọn kan ń gbé e sí iwájú, nísàlẹ̀ ìdodo, nítorí pé ọwọ́ tètè ń tó o níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń dè é mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ tàbí abẹ́ apá. Ó ní inú àpò ìfàlọ́wọ́ ló léwu jù, nítorí pé ẹni tó bá já àpò gbà ti gba ìbọn, ọmọdé sì lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ibi yòówù kó wà, ó ní àkọ̀ líle gbọ́dọ̀ bo ibi tí a ń fà kí ìbọn tó dún.

Mo sọ fún un pé òfin ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀ kí ó tó bi í. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìbọn ìléwọ́ wà ní ìsọ̀rí kìíní pẹ̀lú bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló sì lè fún èèyàn ní àṣẹ rẹ̀. Ìsọ̀rí kejì ni àwọn ìbọn ọdẹ ìgbàlódé kan tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ń fún èèyàn ní ìwé rẹ̀. Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn ìléwọ́ mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 ló ń dúró dè é.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti ṣèlérí pé òun yóò bá a rí ọ̀kan rà.

N kò bá a jiyàn. A wọ dánfó ní Ẹgbẹ́dá, a gba Ìdímù lọ sí Ìkòtún. Àwa mẹ́rin la wà lórí ìjókòó kan, itan kan itan, ìgúnpá kan ìhà. Ìbàdí ta ni aládùúgbò rẹ̀ kò fara kàn níbẹ̀? Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀, ó gba wákàtí ìdajì kí a tó la àárín ọjà kọjá. Bí ìbọn bá dún níbẹ̀, ọta kò ní mọ olè yàtọ̀ sí alátà. Bí aṣọ bá sì ṣí, tí ẹnì kan rí irin ní ìdí àjèjì, ariwo “olè!” kan péré ti tó. Àwọn tó máa kó taya àti epo bẹntiróòlù jọ kì í béèrè ìwé àṣẹ.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi kò nídìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà ìsémọ́lé àrùn Kòrónà, ìròyìn tàn pé àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní One Million Boys ń bọ̀ wá jalè. Ní àwọn àdúgbò kan ní Alímọ̀ṣọ́, àwọn ọkùnrin jáde lóru, wọ́n dáná sí oríta, wọ́n sì ṣọ́ ilé wọn mọ́jú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Síbẹ̀, àjèjì tó bá ṣìnà ní irú òru bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu.

Ní Ìgándò, ọlọ́dẹ àdúgbò jókòó sí ẹnu géètì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti ṣakabùlà. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, “Bàbá, ẹ kì í fi ìbọn yín pamọ́?” Bàbá wò ó, wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí mo bá fi í pamọ́, kí ni olè yóò rí tí yóò fi padà lẹ́yìn?”

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi pe ẹni tó fẹ́ bá a ra ìbọn, ó ní kó má ṣèyọnu mọ́. Ó fi owó náà ra iná sólà fún ojú pópó, ó sì san owó ọlọ́dẹ ọdún kan sílẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ọ láti fi pamọ́ sára kò ju mẹ́ta lọ: fóònù ní àpò iwájú, owó níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti nọ́ńbà 112 àti 767, tí ìjọba Èkó yà sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì, nínú orí rẹ̀. Mo sì kìlọ̀ fún un pé inú gáréèjì ni kó ti máa wọkọ̀, kó má ṣe wọ ọkọ̀ tó bá dúró lójú ọ̀nà lálẹ́ tó ń wá èrò kan ṣoṣo.